Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Salvador ní Bahia: ibo ni kí n ti máa jẹun?

ỌmọHouston

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Ọmọ Amẹ́ríkà ni mí, Houston ni wọ́n bí mi sí, Ìjẹ̀bú-Igbó ni àwọn òbí mi ti wá. Iṣẹ́ ló gbé mi wá sí Salvador ní ilẹ̀ Bràsíl, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, ọdún méjì ni mo sì máa lò. Barra ni mo gbà yàrá sí, kò jìnnà sí etí òkun. N kì í dáná púpọ̀. Ìlú tí mo bá dé, ilé oúnjẹ ibẹ̀ ni mo fi ń mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe láti ìgbà tí mo ti wà ní yunifásítì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ mi ló jẹ́ kí n wá bá yín. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni mo jáde, èyí tó pọ̀ nínú àwọn ilé oúnjẹ ti tilẹ̀kùn. Ọ̀kan ṣì ṣí létí òkun, ọkùnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì pe èèyàn wọlé. Mo wọlé. Mo ní kí wọ́n gbé moqueca ẹja àti moqueca edé wá, torí mo fẹ́ tọ́ méjèèjì wò. Ìkòkò amọ̀ ńlá méjì ló dé, epo pupa àti omi àgbọn ṣì ń hó kutukutu nínú wọn, pẹ̀lú abọ́ ìrẹsì méjì àti abọ́ farofa (ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ dídín) méjì. Ẹni mẹ́rin ì bá jẹ ẹ́ yó. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi kí n tó sọ ohun tí mo fẹ́. Nígbà tí ìwé owó dé, mo fi 20% lé e bí a ti ń ṣe ní Houston, n kò mọ̀ pé wọ́n ti fi 10% kún un tẹ́lẹ̀. Owó oúnjẹ ọjọ́ márùn-ún lọ lálẹ́ ọjọ́ kan. Èyí tó dùn mí jù ni pé oúnjẹ yẹn dára, mo sì fi í sílẹ̀ lórí tábìlì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìlú yìí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mò ń rí orúkọ lára ògiri káàkiri: acarajé, abará, efó, acaçá. Màmá mi ń pè mí lójoojúmọ́ pé ṣé mo ti rí àkàrà jẹ. Ṣé àkàrà wa náà ni? Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Bọ̀dé_SãoPaulo

Ẹ káàbọ̀ sí Bràsíl. São Paulo ni mo fi ṣe ilé láti 2012, ṣùgbọ́n iṣẹ́ máa ń gbé mi lọ sí Salvador lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ẹ má jẹ́ kí ti ọjọ́ Àìkú yẹn bà yín lọ́kàn jẹ́ rárá, ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà.

Àkókò ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Ọ̀sán ni wọ́n ń jẹun gidi níbí, láàrin aago méjìlá sí méjì. Lálẹ́, ọ̀pọ̀ ilé kì í jẹ ju kọfí àti búrẹ́dì lọ, tàbí cuscuz àgbàdo, tàbí iṣu sísè àti ẹ̀gẹ́ sísè. Bẹ́ẹ̀ ni, iṣu, inhame ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá ń wá oúnjẹ tó wúwo kiri ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọwọ́ àwọn tó ń dúró de àlejò ló máa bọ́ sí.

Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "comida a quilo" sí. Ẹ óò mú abọ́, ẹ óò bu ohun tó wù yín, ẹ óò gbé e lé òṣùwọ̀n, wọn á sì fún yín ní ìwé kékeré kan tí wọ́n kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí. Ìwé yẹn lẹ máa fi sanwó nígbà tẹ́ ẹ bá ń jáde, ẹ má sọ ọ́ nù. Fún ẹni tó fẹ́ràn kó máa tọ́ nǹkan wò bíi tiyín, kò sí ibi tó dà bíi rẹ̀: ṣíbí kọ̀ọ̀kan lára ohun mẹ́wàá, láìra odidi ìkòkò. Iye kan náà ni wọ́n ń ta gbogbo rẹ̀ nípa ìwọ̀n, nítorí náà ẹ má fi ìrẹsì kún abọ́ tán kẹ́ ẹ tó dé ìdí edé. Ẹ sì tètè lọ. Aago méjìlá kọjá díẹ̀, oúnjẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde láti inú iná. Tó bá fi máa di aago méjì, ojú ẹja ti gbẹ.

Ní ilé oúnjẹ tí wọ́n ti ń gbé ìkòkò wá, gbólóhùn kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ kọ́ lónìí: "Serve quantas pessoas?" Èèyàn mélòó ló máa jẹ ẹ́? Ẹni méjì ni moqueca sábà máa ń wà fún. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ní "meia porção", ìdajì. 10% tẹ́ ẹ rí yẹn, owó àwọn tó ń gbé oúnjẹ ni. Òfin kò fi ipá mú yín san án, ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn ló ń san án bí wọ́n bá tọ́jú wọn dáadáa, kò sì sẹ́ni tó ń retí ohunkóhun lé e.

Owó sísan: Pix, ọ̀nà fífi fóònù sanwó, ni wọ́n fi ń ra gbogbo nǹkan, láti ìgbà tí báńkì àpapọ̀ wọn ti gbé e jáde ní oṣù Kọkànlá 2020. Ó fẹ́ àkáǹtì báńkì ibí, àkáǹtì sì fẹ́ CPF, nọ́ńbà owó-orí wọn. Ẹ tètè lọ gba CPF, wọ́n ń fún àlejò náà. Títí dìgbà yẹn, káàdì Amẹ́ríkà yín máa ṣiṣẹ́ ní ilé oúnjẹ, ṣùgbọ́n ẹ máa mú owó wẹ́wẹ́ dání fún àwọn tó ń tajà lójú pópó.

ÌyáÌbejì_RioVermelho

Ọmọ mi, o káàbọ̀ o. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, ọdún kẹrìndínlógún mi rèé ní Salvador. Jẹ́ kí n dá màmá rẹ lóhùn ná.

Àkàrà ni, ṣùgbọ́n fara balẹ̀ wò ó. Ẹ̀wà olójú dúdú ni wọ́n ń rẹ, wọ́n ń bó o, wọ́n ń lọ̀ ọ́. Àlùbọ́sà àti iyọ̀ ni wọ́n ń pò mọ́ ọn, ata kì í wọ inú rẹ̀ bíi tiwa. Wọ́n á wá máa fi ṣíbí igi gígùn po ó títí á fi fúyẹ́ tí á sì wú. Epo pupa ni wọ́n fi ń dín in, dendê ni wọ́n ń pè é, kì í ṣe òróró. Ó tóbi tó ìkúùkù. Bó bá jinná, wọ́n á fi ọ̀bẹ là á ní ẹ̀gbẹ́, wọ́n á sì ki nǹkan bọ̀ ọ́: vatapá, èyí tí wọ́n fi búrẹ́dì, ẹ̀pà, kajú, edé, omi àgbọn àti epo ṣe, ó máa ń ki bí ọbẹ̀ gbẹ̀gìrì tó ti dì; caruru, ìyẹn ilá tí wọ́n rẹ́ wẹ́wẹ́; tòmátò; edé gbígbẹ; àti ata. Ní ilé, búrẹ́dì là ń fi àkàrà sí láàrin. Níbí, àkàrà fúnra rẹ̀ ni búrẹ́dì.

Baiana ni wọ́n ń pe ìyá tó ń tà á. Wàá mọ̀ ọ́n: aṣọ funfun oníhò, ìró tó gbòòrò, gèlè funfun, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn. Láti nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń gbé àtẹ jáde. Tó bá kàn ẹ́, á bi ẹ́ pé "quente ou frio?" Má dáhùn pé gbígbóná lo fẹ́ torí o rò pé ti iná ló ń sọ. Ata ló ń béèrè. "Quente" ni ti aláta. Mo mọ̀ pé ọmọ Ìjẹ̀bú ni ẹ́, o lè rò pé ata ò lè ṣe ẹ́ ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n ata wọn, epo ni wọ́n fi dín in, ó sì máa ń dúró sí ọ̀fun. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, sọ pé "pouca pimenta", ata díẹ̀.

Ibi tí àlejò máa ń lọ jù ni Rio Vermelho. Àtẹ Dinha wà ní Largo de Santana, àtẹ Cira wà ní Largo da Mariquita, òmíràn tún wà ní Itapuã. Àwọn ìyá méjèèjì ti di olóògbé, ẹbí wọn ló ń bá iná náà lọ, àwọn ará ìlú sì lè fi odidi alẹ́ jiyàn lórí èyí tó dára jù. Lọ jẹ méjèèjì. Ṣùgbọ́n èmi, lọ́wọ́ ìyá kan ní ìkóríta àdúgbò mi ni mo ti ń rà. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n ní ẹni tó dára kò le: àwọn tó tò síwájú rẹ̀ wọ aṣọ iṣẹ́, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, kò sì ní ju mẹ́rin márùn-ún lọ nínú epo lẹ́ẹ̀kan. Àtẹ tó bá ti to àkàrà kalẹ̀ tó ń dúró de èèyàn, kọjá rẹ̀. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe kékeré fún wọn: ní 2005 ni IPHAN, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ogún àṣà, kọ iṣẹ́ àwọn baiana sílẹ̀ bí ogún gbogbo Bràsíl.

Abará ni mọ́ínmọ́ín. Ẹ̀wà kan náà ni, wọ́n á fi epo àti edé lílọ̀ sí i, wọ́n á wé e sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n á sè é. Nígbà tí mo kọ́kọ́ tú ewé yẹn tí òórùn rẹ̀ jáde, mo jókòó sílẹ̀. Acaçá ni ẹ̀kọ, inú ilé òrìṣà lo ti sábà máa rí i. Efó ni ẹ̀fọ́, wọ́n ń fi edé àti kajú sè é. Amalá ni kó o ṣọ́ra fún: ilá ni, kì í ṣe ọkà. Oúnjẹ Xangô ni, Ṣàngó wa náà ni, orúkọ ti kúrò lára òkèlè, ó ti bọ́ sára ọbẹ̀.

Ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi nígbà tí mo dé: ọjọ́ Jímọ̀ ni ọjọ́ epo. Nítorí àṣà Kátólíìkì tí kì í jẹ ẹran lọ́jọ́ náà, gbogbo ìlú ló ń jẹ oúnjẹ oní-dendê lọ́sàn-án Jímọ̀. Kódà ilé oúnjẹ oníkílò tó ń ta ìrẹsì àti ẹran sísun láti ọjọ́ Ajé, bó bá di Jímọ̀, á to caruru, vatapá, moqueca àti xinxim adìẹ (adìẹ tí wọ́n fi epo àti edé sè) kalẹ̀. Ọ̀sán Jímọ̀ ni kó o fi bẹ̀rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Tọ́pẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni tó lọ jẹ nǹkan kan. Ara ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò gba edé, Salvador la ti gbé e dé ilé ìwòsàn ní alẹ́ ọjọ́ kejì ìrìn-àjò wa. A ti ní kí wọ́n má fi edé sí àkàrà rẹ̀, wọn ò sì fi sí i. Edé tó wà nínú vatapá ni a kò mọ̀. Ṣíbí méjì ló jẹ, ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ohùn rẹ̀ há. Ọlọ́run yọ wá, ara rẹ̀ ti yá, ṣùgbọ́n n kò ní gbàgbé ojú rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Edé lílọ̀, ẹ̀pà àti kajú wà nínú fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo oúnjẹ epo ní Bahia, wọn kì í sì hàn sójú. Abará ní edé nínú ẹ̀wà rẹ̀ gan-an. Bí ara yín kò bá gba ọ̀kan nínú wọn, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé ní èdè Pọtogí kẹ́ ẹ fi hàn wọ́n: "Sou alérgica a camarão" bó bá jẹ́ obìnrin, "alérgico" bó bá jẹ́ ọkùnrin. Ẹ̀pà ni "amendoim", kajú ni "castanha de caju". Ẹ má béèrè pé ṣé edé wà nínú rẹ̀ nìkan, ẹ sọ pé ó lè pa yín.

ỌmọHouston

Ẹ ṣé gan-an. Màmá, mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì kà á fún màmá mi lórí fóònù. Aunty Tọ́pẹ́, ara mi gba edé, ṣùgbọ́n ẹni tá a jọ ń ṣiṣẹ́ kò lè fẹnu kan ẹ̀pà, mo ti fi gbólóhùn yẹn ránṣẹ́ sí i.

Ìbéèrè kan: Krìstẹ́nì ni mí. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ní oúnjẹ òrìṣà ni gbogbo rẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?

Bọ̀dé_SãoPaulo

Ṣọ́ọ̀ṣì lèmi náà ń lọ, mo sì ń jẹ ẹ́. Èyí tí wọ́n ń tà lójú pópó, ẹni tí ebi ń pa ni wọ́n ń tà á fún. Òótọ́ ni pé inú ilé òrìṣà ni iṣẹ́ náà ti wá, oúnjẹ Iansã ni acarajé, èyí tí àwa ń pè ní Ọya, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá yẹn sì ń bọ ọ́ di òní. Àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì kan wà tó ń tà á tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí "bolinho de Jesus", ó sì ń dun àwọn baiana gan-an. Tèmi ni pé kẹ́ ẹ pè é ní orúkọ tí ẹni tó dín in ń pè é, kẹ́ ẹ kí i dáadáa, kẹ́ ẹ jẹun.

ÀgùdàLékòó

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Pópó Àgùdà ní Èkó ni ilé wa, àwọn tó ti Bahia padà wá ni bàbá ńlá mi wà nínú wọn. Ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú Àjíǹde, fìríjón là ń jẹ: ẹ̀wà dúdú tá a sè, tá a lọ̀, tá a sẹ́, tá a fi omi àgbọn sè títí á fi ki, ọbẹ̀ ẹja ló máa ń bá a rìn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀, ẹ máa sọ fún àwọn baiana yẹn pé ilé wa ni oúnjẹ wọn ti wá. Kí wọ́n mọ̀. Bí ẹ bá rí i tí wọ́n ń pe amalá ní ilá, ẹ tún un ṣe fún wọn.

ÌyáÌbejì_RioVermelho

Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n mi ò ní fẹ́ kí ọmọ yìí ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n mọ̀. Orúkọ ibi tí wọ́n ti kó wọn wá wà lẹ́nu wọn ju bó ṣe wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ ọmọ wa lọ. Ìyá tó ń jí ní kùtùkùtù láti bó ẹ̀wà, tí ìyá rẹ̀ ṣe é, tí ìyá-ìyá rẹ̀ ṣe é, kì í ṣe ẹni tí àlejò ọ̀sẹ̀ mẹ́ta máa kọ́ ní orúkọ oúnjẹ. Fìríjón yín náà, láti ara "feijão" ni orúkọ rẹ̀ ti wá, ẹ̀wà ní èdè Pọtogí. Àwọn ará Bahia kò wá tún un ṣe fún yín ní Èkó.

Èmi náà ti ṣe àṣìṣe yìí. Ní ọdún àkọ́kọ́ mi, mo jókòó ní ilé ẹnì kan, mo sọ fún ìyá ilé pé vatapá rẹ̀ kò ní ata tó, pé báyìí kọ́ là ń ṣe nílé. Kò dáhùn. Ó gbé abọ́ náà kúrò níwájú mi, ó lọ bu òmíràn, ó gbé ata sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú àwo kékeré, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí mo fi lọ. Ó tó oṣù mẹ́fà kí n tó lè padà sí ilé yẹn.

ÀgùdàLékòó

Mo gbọ́ yín, Màmá. Mo gba ti ata yẹn.

Káyọ̀dé_Bàálù

Díẹ̀ nípa ààbò, torí kò tíì sí ẹni tó mẹ́nu bà á. Mo máa ń sùn ní Salvador nítorí iṣẹ́ mi. Pelourinho, àárín ìlú àtijọ́, dára lọ́sàn-án. Ibẹ̀ ni Senac, ilé ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ oúnjẹ, ní ilé oúnjẹ tí wọ́n máa ń to ọbẹ̀ Bahia lóríṣiríṣi sí kalẹ̀. Ẹ pè wọ́n kẹ́ ẹ tó lọ. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ má gba àwọn òpópónà ẹ̀yìn, ẹ fi fóònù pe Uber tàbí 99 (áàpù ọkọ̀ bíi Uber) kódà bó bá jẹ́ ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kẹ́ ẹ sì dúró sínú ilé oúnjẹ títí ọkọ̀ á fi dé. Ẹ má fi fóònù sórí tábìlì níta.

Ọjà São Joaquim nísàlẹ̀ ìlú, létí omi, ẹ lọ síbẹ̀ láàárọ̀ pẹ̀lú ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ óò rí epo pupa nínú ìgò, edé gbígbẹ òkè-òkè, ilá, orógbó, obì. Èmi kì í jẹun níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ń jẹ sarapatel (ọbẹ̀ ìfun àti ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀) níbẹ̀, wọ́n sì ń fi ọwọ́ sọ̀yà.

ỌmọHouston

Mo ti padà dé o. Mo ṣe bí ẹ ṣe wí.

Lọ́sàn-án Jímọ̀, mo lọ sí ilé oúnjẹ oníkílò kan lẹ́yìn ọ́fíìsì wa, aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Gbogbo ènìyàn ló wọ funfun, Màmá, ẹ ò sọ èyí fún mi! Obìnrin tó wà níwájú mi lórí ìlà ṣàlàyé pé nítorí Oxalá ni, Ọbàtálá wa. Mo bu caruru, vatapá, xinxim, moqueca ẹja ṣíbí méjì, àti pirão, ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi omi ẹja rò. Ó dà bí ẹ̀bà tó rọ̀ tí wọ́n ti pò mọ́ ọbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́rin owó tí mo san lọ́jọ́ Àìkú yẹn, n kò sì ṣẹ́ nǹkan kan kù.

Nígbà tó di aago márùn-ún, mo lọ sí Rio Vermelho. N kò lọ sí ibi tí ìlà ti gùn. Mo rí ìyá àgbàlagbà kan ní igun òpópónà, àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́fà wà níwájú mi. Ó fi ṣíbí méjì bu ẹ̀wà, ó ń ti í láti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì títí ó fi rí roboto, ó wá jẹ́ kó yọ̀ sínú epo. Ìró yẹn, ṣàà, ni màmá mi gbọ́ lórí fóònù, ó sì dákẹ́. Ìyá náà bi mí: "Quente?" Mo ní "pouca pimenta". Ó fi ìwé wé e fún mi. Epo ṣàn dé ọrùn ọwọ́ mi. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń ró kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, inú rẹ̀ funfun, ó rọ̀ bí òwú. Mo dúró níbẹ̀ jẹ ẹ́ tán, mo tún ra abará kan mú lọ sílé.

Ó bi mí pé níbo ni mo ti wá. Mo ní Amẹ́ríkà, mo wá sọ pé ọmọ Yorùbá ni àwọn òbí mi. Ó wò mí, ó ní "nagô", ó sì fi edé mẹ́ta kún un, kò gba owó rẹ̀. N kò sọ nǹkan kan nípa orúkọ oúnjẹ.

ÌyáÌbejì_RioVermelho

O ṣeun, ọmọ mi. Nagô ni wọ́n ń pe gbogbo wa níbí, ó mọ̀ ẹ́.

Gbọ́, oṣù Kẹsàn-án ń bọ̀. Ní ọjọ́ 27, ọjọ́ Cosme àti Damião, ìyẹn Ìbejì, ọ̀pọ̀ ilé ní Salvador máa ń se caruru ńlá, wọ́n sì máa ń ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀. Ọmọdé méje ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún jẹ, kí àgbà tó fọwọ́ kàn án. Kò sí ilé oúnjẹ kankan tó lè fún ẹ ní irú rẹ̀. Nítorí àwọn ìbejì mi, èmi náà máa ń se é lọ́dọọdún. A máa ń ju odidi ilá díẹ̀ sínú ìkòkò láìgé. Ẹni tó bá bá a nínú abọ́ rẹ̀, òun ló máa se caruru lọ́dún tó ń bọ̀. O ní ọdún méjì lo máa lò níbí, nítorí náà àyè wà.

Mo ti kọ àdírẹ́sì ránṣẹ́ sí àpótí rẹ. Aago méjìlá ọ̀sán ni. Má jẹun kúrò nílé, má sì gbé nǹkan kan wá àfi súwíìtì fún àwọn ọmọdé.